Iye aláìsàn lọ sókè, ẹ̀rọ kò gbọ́ ariwo: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìbéèrè: "Wọléwọlé ni mí ní ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ mi: ọ̀kan fún àrùn tó ń ràn, èkejì fún ẹ̀sùn ariwo. Lóṣù tó kọjá, iye àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe gbéra láti 12, ó dé 31. Ọ̀gá mi ní kí n sọ bóyá àjàkálẹ̀ àrùn ni. Lóṣù yẹn kan náà, ìdílé mẹ́ta wá fẹjọ́ ilé iṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ariwo lọ, mo dúró sáàárín yàrá wọn, kò ju 34 dẹ̀síbẹ̀lì (dB, òṣùwọ̀n ìró) lọ. Ṣé wọ́n ń purọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ òótọ́ nínú ọ̀ràn méjèèjì?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè méjì lẹ ṣe, gbòǹgbò kan ló so wọ́n pọ̀. Nínú ìwé àrùn, nọ́ńbà yín ń pariwo, ẹ ò sì tíì mọ̀ bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé ariwo, nọ́ńbà yín dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Nọ́ńbà ò lè dá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí a ṣe kó o jọ ló ń sọ ohun tó túmọ̀ sí. Kí ẹ tó fèsì fún ọ̀gá yín, kí ẹ sì tó pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí 31 àti 34 yìí gbà dé inú ìwé yín.

Ṣé àrùn ló pọ̀ sí i, àbí ìròyìn?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fi ìròyìn ránṣẹ́. Ẹ ka iye ilé ìwòsàn tó ròyìn lóṣù tí ẹ rí 12, kí ẹ tún ka iye tó ròyìn lóṣù tí ẹ rí 31. Tó bá jẹ́ pé 6 ló ròyìn nígbà àkọ́kọ́, tí 14 sì ròyìn nígbà kejì, aláìsàn 2 ló kan ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, 2 ó lé díẹ̀ ló sì kàn án báyìí. Kò sí àjàkálẹ̀ kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń ròyìn ló pọ̀ sí i.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti ń ṣìnà. Ilé ìwòsàn tí kò rí aláìsàn kì í kọ nǹkan ránṣẹ́, a sì máa ń ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí òdo. Ìdákẹ́ lè jẹ́ pé kò sí aláìsàn lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé nọ́ọ̀sì lọ ìsinmi, pé fọ́ọ̀mù tán, tàbí pé fóònù ò wọlé. Ẹ ní kí gbogbo wọn máa kọ "0" ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa ṣírò nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ló ròyìn, mélòó ló ròyìn lásìkò. 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ ètò ìtọpa àrùn fi ṣe ìwọ̀n tó kéré jù. Níbi tí ẹ kò bá dé ìwọ̀n yẹn, ẹ má fi nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kan wé ti ọ̀sẹ̀ mìíràn láìkọ iye àwọn tó ròyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọjọ́. Ọjọ́ wo lẹ fi ka aláìsàn? Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù dé ọ́fíìsì yín, ẹ ó máa rí òkè tí kò sí. Ilé ìwòsàn kan lè kó fọ́ọ̀mù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pa mọ́, kó wá kó gbogbo rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹni náà ni kí ẹ fi ṣírò. Bí fọ́ọ̀mù yín kò bá ní àyè fún un, ẹ fi pẹ́ńsù fà á sí i lónìí.

Ẹ wá kó gbogbo aláìsàn 31 náà sínú ìwé onílà: aláìsàn kan, ìlà kan. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àdúgbò tó ń sùn, ibi tó ti ń pọnmi, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó dé ilé ìwòsàn, àmì àìsàn, bóyá wọ́n gba ìgbẹ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, èsì àyẹ̀wò, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe parí: ó yá, ó kú, tàbí ó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, àwọn tí a kà lẹ́ẹ̀méjì á fara hàn. Ẹni tó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré, tí wọ́n gbé e lọ sí ńlá, máa ń wọ ìwé méjèèjì. Ọjọ́ orí kan náà, àdúgbò kan náà, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà: ẹ pe ilé ìwòsàn méjèèjì kí ẹ tó pa ọ̀kan rẹ́.

Kí ẹ tún wò ó bóyá gbogbo wọn yẹ lẹ́ni tí a ń kà. Ìgbẹ́ gbuuru ni kí èèyàn yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24. Bí nọ́ọ̀sì tuntun kan bá ń kọ gbogbo inú rírun síbẹ̀, iye yóò lọ sókè láìsí kòkòrò àrùn kankan tó pọ̀ sí i. Ẹ lẹ àlàyé yìí mọ́ ògiri gbogbo ilé ìwòsàn, kí ẹ má sì yí i padà láàárín ọdún. Tó bá di dandan láti yí i, ẹ fa ìlà pupa sínú ìwé níbi tí ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín má baà rò pé àrùn ló yí padà.

Ká ní 31 yín la gbogbo èyí kọjá, tí wọ́n ṣì ku 29. Ṣé 29 pọ̀? Ẹ fi wé oṣù kan náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ọdún 5 tó kọjá. Ẹ má fi wé oṣù tó kọjá nìkan, torí ọ̀pọ̀ àrùn ló ní àsìkò tirẹ̀ nínú ọdún. Ẹ to nọ́ńbà márùn-ún náà láti kékeré lọ sí ńlá. Kí a sọ pé 9, 11, 13, 14 àti 22 ni. Èyí tó wà láàárín, 13, ni ohun tí ẹ lè retí. Èyí tó tẹ̀ lé èyí tó ga jù, 14, ni ààlà ìkìlọ̀. Ìṣirò yìí kò gba kọ̀ǹpútà. Ó tún dára ju ìpíndọ́gba lọ níbi tí ọdún kan bá ti ní àjàkálẹ̀, torí ọdún burúkú kan ṣoṣo máa ń fa ìpíndọ́gba sókè, á sì fi àjàkálẹ̀ tó kàn pa mọ́ lójú yín. 29 ti fò kọjá 14, ó fò kọjá 22 pàápàá. Níbí yìí, ẹ lè sọ fún ọ̀gá yín pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun kan ṣẹlẹ̀.

Ààlà yìí kò sí fún gbogbo àrùn o. Àwọn kan wà tí ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti gbéra. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé rọ, ẹ kà á sí ẹni tó lè ní rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kì í ṣe òun. Níbi tí a kò tíì kéde onígbáméjì, ẹnikẹ́ni tó ti pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ìgbẹ́ gbuuru gbẹ omi ara rẹ̀ pátápátá, tàbí tó pa á, ìkìlọ̀ onígbáméjì ni. Ti yírùnyírùn ní ìwọ̀n tirẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó ti sábà ń jà: níbi tí èèyàn 30,000 sí 100,000 ń gbé, ìkìlọ̀ ni aláìsàn 3 nínú 100,000 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àjàkálẹ̀ sì ni 10 nínú 100,000. Níbi tí wọn kò tó 30,000, aláìsàn 2 láàárín ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ìkìlọ̀, 5 jẹ́ àjàkálẹ̀.

Ìrísí òkè náà

Ẹ mú ìwé onígun mẹ́rin kéékèèké. Kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì kun àpótí kan fún aláìsàn kan lókè ọjọ́ tirẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ju nọ́ńbà lọ.

Bí àwọn àpótí bá ga fìrì, tí wọ́n sì wálẹ̀ fìrì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn jẹ tàbí mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ga tó sì dúró síbẹ̀ láìwálẹ̀, orísun náà ṣì ṣí sílẹ̀, ó ṣì ń ko èèyàn, ẹ sáré wá kànga tàbí páìpù tó ń jò. Bí ó bá jẹ́ òkè kékeré, àfonífojì, òkè tó ga ju ti àkọ́kọ́, àfonífojì, ẹnìkan ló ń kó o ran ẹnìkejì, àlàfo tó wà láàárín òkè méjì á sì súnmọ́ ọjọ́ tí àrùn náà fi ń lúgọ sára kó tó hàn. Onígbáméjì máa ń lúgọ fún wákàtí 12 sí ọjọ́ 5. Eéyi sábà máa ń lúgọ fún ọjọ́ 10 sí 14, ẹni tó ní i sì ti ń ràn án láti ọjọ́ 4 ṣáájú kí ara tó sú títí di ọjọ́ 4 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá mọ àsìkò ìlúgọ, ẹ lè ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ibi tí òkè ti ga jù, kí ẹ wá béèrè ohun tí àwọn aláìsàn jọ ṣe lọ́jọ́ náà.

Máàpù náà ńkọ́? Ẹ fi àmì sí ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ibi tí àmì kò sí. Nígbà tí onígbáméjì jà ní Soho ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1854, ohun tó ran John Snow, dókítà tó fi hàn pé omi kànga Broad Street ló ń fa àrùn náà, lọ́wọ́ gan-an ni àwọn tí kò kú. Ilé àwọn aláìní kan wà nítòsí kànga Broad Street, èèyàn 535 ló ń gbé inú rẹ̀, 5 péré ló kú, torí wọ́n ní kànga tiwọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tó wà nítòsí náà kò kú, wọn kì í mu omi kànga yẹn. Nítorí náà, bí ilé kan láàárín àdúgbò aláìsàn bá wà ní àlàáfíà, ẹ wọ ibẹ̀, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ìbéèrè yẹn lè yára tọ́ka orísun ju kí ẹ tún béèrè lọ́wọ́ aláìsàn ogún.

Ohun tí a ń gbà fún àyẹ̀wò máa ń bàjẹ́ lọ́nà

Ẹ má dúró de láàbù kí ẹ tó ṣiṣẹ́; síbẹ̀ ẹ má ṣiṣẹ́ láìfi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Ẹ gba ìgbẹ́ àwọn aláìsàn mélòó kan kí wọ́n tó lo oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, torí lẹ́yìn rẹ̀ láàbù lè má rí nǹkan kan. Tó bá jẹ́ onígbáméjì lẹ fura sí, ẹ ti òwú tí ẹ fi gba ìgbẹ́ náà bọ inú ìgò Cary-Blair (èyí tó ní èròjà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò náà kú lọ́nà), kí ẹ sì gbé e rìn bó ṣe wà, láìlo yìnyín. Òtútù máa ń pa kòkòrò náà. Ọ̀pọ̀ èsì "a ò rí nǹkan" ló jẹ́ pé ẹni rere kan gbé ìgbẹ́ aláìsàn sínú fíríìjì.

Ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ìgbẹ́ méjì lẹ ó gbà, tí àlàfo wákàtí 24 ó kéré tán wà láàárín wọn, kí méjèèjì sì jẹ́ láàárín ọjọ́ 14 tí rírọ bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìwọ̀n orí àtàǹpàkò àgbàlagbà, kó wà nínú òtútù 2 sí 8 °C láti ọwọ́ yín títí dé láàbù. Tó bá jẹ́ eéyi, ẹ̀jẹ̀ lẹ ó gbà, láàárín ọjọ́ 28 tí ara ti sú. Ẹ má jẹ́ kó di yìnyín kí wọ́n tó yọ omi rẹ̀ sọ́tọ̀, torí yóò bàjẹ́.

Omi náà ní láti lọ sí láàbù. Kí ìgò tí ẹ fi bu omi tó ní kọlorín jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti fi sodium thiosulphate sí nínú. Láìsí i, kọlorín á máa pa kòkòrò lọ nínú ìgò, láàbù á sì sọ pé omi náà mọ́. Ẹ gbé e sínú òtútù, kó dé láàbù láàárín wákàtí 6 bó bá ṣeé ṣe, kó má ju 24 lọ. Kí ẹ tó kúrò nídìí ẹ̀rọ omi, ẹ fi oògùn DPD wọn kọlorín tó ṣẹ́kù: omi á di pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó fi wé káàdì àwọ̀. Ẹ wá 0.2 sí 0.5 mg nínú lítà kan. Tó bá jẹ́ 0 lẹ rí nípáìpù tó jìnnà jù, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní láti dúró de èsì ọ̀la.

Ìwọ̀n kan wà tí mo fẹ́ràn fún yíyẹ ara ẹni wò, wọ́n ń pè é ní 7-1-7: kí a rí àjàkálẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 tó bẹ̀rẹ̀, kí a ròyìn rẹ̀ láàárín ọjọ́ 1 tí a rí i, kí gbogbo ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sì parí láàárín ọjọ́ 7 lẹ́yìn náà. Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún ọ̀ràn tó wà níwájú yín yìí. Ibi tí ó bá ti pẹ́ ni kí ẹ tún ṣe kó tó di ìgbà mìíràn.

Ariwo tí ẹ̀rọ kò gbọ́

Ká wá sọ̀rọ̀ ìdílé mẹ́ta yẹn. Mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ má tíì kọ "ẹ̀sùn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀" sínú ìwé. Àkọ́kọ́, 34 kì í ṣe nǹkan kékeré nínú yàrá ìsùn. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 1999 ní kí ariwo inú yàrá ìsùn má ju 30 dẹ̀síbẹ̀lì lọ ní ìpíndọ́gba, kí ìró ojijì kọ̀ọ̀kan má sì ju 45 lọ. Nọ́ńbà tó wà nínú òfin ibi tí ẹ wà lẹ ó fi báni rojọ́, àmọ́ nọ́ńbà yìí ń fi hàn pé ìdílé náà lè má purọ́.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo bọ́tìnì ẹ̀rọ yín: ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà A wà níbẹ̀, kó máa kọ dBA. Lẹ́tà A ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ràn bí etí ṣe ń gbọ́ ìró tí kò le, ìyẹn ni pé ó máa ń dín ìró tó rẹlẹ̀ kù gan-an. Ó ń yọ 16 dB kúrò lára ìró 125 Hz (ìró tó ń gbọ̀n nígbà 125 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), 26 dB kúrò lára 63 Hz, 30 dB kúrò lára 50 Hz. Ẹ wá wo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́rin, irú èyí tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń jó epo lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, tó ń yí nígbà 1,500 níṣẹ́jú kan, máa ń bú nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 50 Hz nìyẹn gan-an. Bí ìkùn rẹ̀ bá jẹ́ 64 dB nínú yàrá, 34 ni ẹ̀rọ tó wà lórí A máa kọ. Etí tó dá pé sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró 50 Hz láti nǹkan bí 44 dB. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹni tó dùbúlẹ̀ ń gbọ́ kedere lóru lè dà bí ìdákẹ́ lójú ẹ̀rọ yín.

Ẹ yí bọ́tìnì sí C, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dín ìró tó rẹlẹ̀ kù, kí ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wá yọ A kúrò nínú C. Bí ìyàtọ̀ bá ju 15 sí 20 lọ, ìró tó rẹlẹ̀ ló kún yàrá, ẹ sì nílò ẹ̀rọ tó lè ya ìró sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìdá mẹ́ta-mẹ́ta ọ̀kítéfù, ìyẹn ní ìpele kéékèèké láti ìró tó rẹlẹ̀ dé èyí tó ga, kí ẹ lè mọ èwo gan-an.

Ẹ̀kẹta: àárín yàrá lẹ dúró sí. Gígùn ìgbì ìró 50 Hz nínú afẹ́fẹ́ tó mítà 6.9. Nínú yàrá tó gùn tó mítà 3.4, ìdajì ìgbì náà ló wọlé rẹ́gí. Ìró á pọ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri méjèèjì, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ láàárín. Ẹ ò rí i pé ibi tó dákẹ́ jù nínú yàrá lẹ gbé ẹ̀rọ sí, nígbà tí ìrọ̀rí wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri! Ẹ gbé e síbi tí orí wọ́n máa ń wà, ẹ gbé e sí igun yàrá kan, ẹ gbé e sáàárín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀kẹrin, aago mélòó lẹ lọ? Ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tí kò rí nǹkan ni wọ́n ṣe lọ́sàn-án, nígbà tí ẹ̀sùn jẹ́ ti òru.

Kí ẹ tó padà lọ, ẹ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìwé ọlọ́jọ́ 14. Kí wọ́n kọ ọjọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó dáwọ́ dúró, yàrá wo, fèrèsé ṣí tàbí ó wà ní títì, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ohun tó da rú, bóyá oorun ni, ìkẹ́kọ̀ọ́ ni, tàbí ọ̀rọ̀ sísọ. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ lọ́tọ̀, láìjọ jókòó kọ ọ́. Bí aago wọn bá bá ara mu, ẹ ti ní ẹ̀rí kan, ẹ sì ti mọ wákàtí tó yẹ kí ẹ lọ. Ẹ má sọ wákàtí náà fún ilé iṣẹ́.

Lálẹ́ tí ẹ bá lọ, ẹ dán ẹ̀rọ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ fi kalibrétọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ìró tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ jáde) bo máìkì rẹ̀, kó kọ 94 dB. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tún un ṣe. Bí ìyàtọ̀ bá ju 0.5 lọ, ẹ da gbogbo ìwọ̀n alẹ́ náà nù. Agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè rẹ̀. Tí ẹ bá ń wọn níta, ẹ gbé ẹ̀rọ lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ní mítà 1.2 sí 1.5 sókè ilẹ̀, kó jìnnà sí ògiri tó mítà 3.5, torí ìró tó padà láti ara ògiri lè fi nǹkan bí 3 dB kún un. Ẹ fi fóòmù bo máìkì. Ẹ má wọn nínú òjò, tàbí nígbà tí atẹ́gùn bá ju mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Fóònù lè ràn yín lọ́wọ́ láti wá ibi tí ariwo ti ń wá, àmọ́ ẹ má gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí kóòtù; ọ̀pọ̀ fóònù ló ń gé ìró tó rẹlẹ̀ dànù, torí ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀méjì: nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, àti nígbà tí wọ́n pa á, níbì kan náà. Ti ìgbà kejì ni ariwo abẹ́lẹ̀. A kì í yọ dẹ̀síbẹ̀lì bí ẹní yọ owó. Bí ó bá jẹ́ 52 nígbà tó ń ṣiṣẹ́, tó sì jẹ́ 48 nígbà tí wọ́n pa á, ti ẹ̀rọ náà nìkan kì í ṣe 4. Nǹkan bí 50 ni. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá pé 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè gbàgbé ariwo abẹ́lẹ̀. Bí kò bá pé 3, ẹ má kọ nọ́ńbà kankan fún ẹ̀rọ náà. Ẹ padà wá ní wákàtí tó dákẹ́ jù.

Ẹ ṣọ́ra fún ìpíndọ́gba níbí náà. Ìró 70 dB tó dún fún ìṣẹ́jú-àáyá 36 péré nínú wákàtí kan máa jáde bíi 50 nínú ìpíndọ́gba wákàtí náà, bẹ́ẹ̀ ó ti jí gbogbo ilé. Kí ẹ kọ ìpíndọ́gba, kí ẹ kọ èyí tó ga jù, kí ẹ sì kọ iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Tí ẹ bá rí i pé ìkùn 50 Hz ni, ìmọ̀ràn tí ẹ ó fún ilé iṣẹ́ á yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń retí. Fóòmù tí wọ́n á fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè dá irú ìró yìí dúró; ohun tó wúwo ló ń dá a dúró. Kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sórí rọ́bà tàbí sípírìngì tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, kí ìgbọ̀n rẹ̀ má baà gba inú ilẹ̀ wọ ilé onílé. Kí wọ́n fi sàìlẹ́ńsà tó dára sí ẹnu èéfín, kí wọ́n sì darí ẹnu náà kúrò lọ́dọ̀ fèrèsé àwọn èèyàn. Bí àyè bá wà, kí wọ́n gbé e jìnnà: níta gbangba, bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, nǹkan bí 6 dB ló ń dín. Tí kò bá sí èyí tó ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n máa pa á ní wákàtí oorun títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ohun tí ìwé méjèèjì ń fi pa mọ́

Iye ẹ̀sùn ariwo ń sọ ẹni tó lè fẹjọ́ sùn, kò sọ ẹni tí ariwo ń pa lára. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé onílé á lé òun kò ní wá, ẹni tí kò mọ nọ́ńbà ọ́fíìsì yín kò ní pè. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye aláìsàn ń sọ ẹni tó lè dé ilé ìwòsàn. Àdúgbò tó jìnnà jù tí kò sí nínú ìwé méjèèjì ni kí ẹ lọ kàn sí fúnra yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ wọ ilé mélòó kan, kí ẹ béèrè.

Ẹ ti orúkọ àwọn aláìsàn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ìwé tó ń jáde lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá jẹ́ nọ́ńbà àti àdúgbò nìkan. Orúkọ ẹni tó fẹjọ́ ariwo kò gbọ́dọ̀ dé etí ilé iṣẹ́. Bí ó bá dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀sùn á dáwọ́ dúró, ariwo kò ní dáwọ́ dúró. Kí ẹ sì máa dá èsì padà fún àwọn ilé ìwòsàn lóṣooṣù, ojú ìwé kan péré: ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ rèé, ohun tí a rí nínú rẹ̀ rèé, ohun tí a ṣe rèé. Nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ èsì rí á dẹ́kun kíkọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Nípa ìgbà tí ẹ ó pa fáìlì dé: fún onígbáméjì, ẹ dúró títí ọ̀sẹ̀ 4 yóò fi kọjá láìsí èsì kankan tó fi hàn pé ó wà, tí ẹ ṣì ń ṣàyẹ̀wò àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ní gbogbo àsìkò náà. Ọ̀sẹ̀ 4 tí ẹnikẹ́ni kò fi ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí láàbù kò kà. Fún ariwo, ẹ padà lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún ẹ̀rọ ṣe, ní wákàtí kan náà, síbi ìrọ̀rí kan náà, pẹ̀lú fèrèsé bó ṣe wà nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ wọn A àti C. Kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ìdílé mẹ́ta náà bóyá wọ́n sùn.